Omi Tí Rọ̀kíbátù Rù Dé Etí Ọ̀sà Bàrígà

Bí ẹ bá wọ àdúgbò Bajulaiye ní òwúrọ̀, kí ariwo àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó gba gbogbo etí, ẹni tí ẹ máa kọ́kọ́ rí tó ń ti inú kọ̀rọ̀ kan bọ́ sí òmíràn ni Rọ̀kíbátù. Báàfù ńlá kan ló máa wà lórí rẹ̀, àpò píọ́ wọ́tà á wà nínú báàfù náà, ọ̀kan lórí èkejì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á sì máa jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bíi ti ẹni tí kò ru nǹkan kan. Kì í di báàfù mú. Bí ẹ bá kí i, gbogbo ara ló máa fi yí sí yín, kì í ṣe ọrùn nìkan. Á rẹ́rìn-ín, á béèrè àwọn ará ilé, á sì tún yí padà máa bá tirẹ̀ lọ. Àwọn àlejò máa ń dúró wò ó. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í dìde mọ́, wọ́n kàn máa ń gbóhùn sókè láti inú ṣọ́ọ̀bù wọn pé, “Ìyá Olómi, ẹ má gbàgbé wa o.”

Ọkọ̀ tó ń kó omi wá láti ilé iṣẹ́ omi kì í lè kọjá ẹnu títì, inú kọ̀rọ̀ sì ni àwọn atẹ̀wé pọ̀ sí. Ilé kan wà lẹ́yìn èkejì, bébà jọ dé àjà, ọ̀nà tó wà láàárín wọn kò fẹ̀ ju kí ènìyàn méjì fẹ̀gbẹ́ kanra wọn kọjá. Ooru ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹni tó bá ti dúró ti ẹ̀rọ láti àárọ̀, kí oòrùn tó dé àárín ọ̀run, ọ̀fun rẹ̀ á ti gbẹ. Rọ̀kíbátù ló ń gba omi lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ní ẹnu títì, òun náà ló sì ń rù ú wọlé lọ bá wọn.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí i. Ìyá ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà, obìnrin gíga kan tí kì í pariwo, tó máa ń mú un lẹ́yìn lọ pọnmi lódò ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá àgbà yìí ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ká òṣùká kó lè jókòó dáadáa lórí, bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí ọrùn ga láìgan, àti bí ẹsẹ̀ ṣe lè mọ ọ̀nà láìjẹ́ pé ojú ń wò ó. Nígbà tó fẹ́ Ràmọ́nù tó sì bá a wá sí Ṣómólú, níbi tí Ràmọ́nù ti ń tẹ̀wé, kò rò ó rárá pé ohun tí òun kọ́ ní ọ̀nà odò yóò wúlò fún òun ní Èkó. Bébà ló kọ́kọ́ ń ká ní ilé iṣẹ́ tí ọkọ rẹ̀ wà. Ó ń ká a, ó ń tò ó, ó ń lẹ ẹ̀yìn ìwé.

Lọ́jọ́ kan, ọlọ́kọ̀ já omi sílẹ̀ ní ẹnu títì, ó sì lọ. Ẹni tó yẹ kó wá gbé e kò yọjú. Àwọn òṣìṣẹ́ ń kùn, olúkúlùkù ń wo ẹnìkejì pé kó lọ. Rọ̀kíbátù dìde, ó mú aṣọ tó fi ń nu gọ́ọ̀mù ọwọ́, ó ká a ní òṣùká, ó sì bọ́ síta. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i tó ń bọ̀ pẹ̀lú àpò omi mẹ́ta lórí, tó ń yà fún àwọn èèyàn, tó ń kí wọn. Kí ọjọ́ náà tó pé ọ̀sẹ̀ kan, ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ti ránṣẹ́ pè é, èyí tó wà lókè ilé náà sì tẹ̀lé e. Bó ṣe fi bébà kíká sílẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tó bá rò pé ìyà ló ń jẹ, kò tíì bá a sọ̀rọ̀ rí ni. Rọ̀kíbátù fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́ràn kó máa wọ gbogbo ilé, kó mọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kó mọ ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ àti kálẹ́ńdà tí wọ́n tẹ̀ tí orúkọ oníbàárà kò pé lára rẹ̀. Ó fẹ́ràn bí ojú àwọn èèyàn ṣe máa ń rí nígbà tí wọ́n bá fi eyín ya ọ̀rá, tí omi tútù náà sì dé ọ̀fun wọn.

Ẹnì kan ṣoṣo tí iṣẹ́ yìí kò dùn mọ́ nínú ni Munirat, àkọ́bí rẹ̀, tó ń bá wọn ta fóònù ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Onípanu. Kì í ṣe pé ojú ń tì í. Ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló ti ru ẹrù títí ọrùn rẹ̀ fi gan tí kò lè yí i mọ́, láti ìgbà náà, bí Munirat bá ti rí báàfù lórí ìyá rẹ̀, ọrùn tirẹ̀ gan-an ló máa ń fọwọ́ kàn.

Ẹgbẹ́ kan sì wà ní àdúgbò náà tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀ Yá. Àwọn àgbàlagbà ni wọ́n, Mùsùlùmí àti ọmọlẹ́yìn Kristi, àwọn tí dókítà ti kìlọ̀ fún pé kí wọ́n máa rìn. Gbogbo òwúrọ̀ Sátidé ni wọ́n máa ń rìn yí Ṣómólú ká, tí wọ́n á sì máa jiyàn ní gbogbo ọ̀nà. Olórí wọn ni Alàgbà Bọ́lárìnwá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, fèrè bíi ti rẹfirí kì í sì í kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, bàbá yìí pàdé Rọ̀kíbátù ní ẹnu títì.

“Ìyá Munirat, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ sọ ẹrù kalẹ̀ ná, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀.”

“Ẹ máa sọ ọ́, Bàbá. Ẹrù náà ò dí mi lọ́wọ́.”

Bàbá wo àwọn àpò omi náà. Ó ṣòro fún un láti gbójú kúrò lára wọn, ṣùgbọ́n ó gbìyànjú.

“Sátidé tó ń bọ̀ yìí la máa rin ìrìn ọdọọdún wa, láti Onípanu títí dé etí ọ̀sà ní Bàrígà. Lọ́dún tó kọjá, a ò tíì dé ọ̀nà Ìlàjẹ tí omi wa fi tán. Màmá Níní jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ran kan, wọ́n ní àwọn ò dìde mọ́. Kẹ̀kẹ́ Márúwá la fi gbé wọn lọ sílé. Bí àwọn yòókù ṣe rí i báyìí, wọ́n tẹ̀lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi nìkan ló kù lójú títì, èmi àti fèrè mi.”

Rọ̀kíbátù rẹ́rìn-ín. Àwọn àpò náà kò mì.

“Torí náà, omi tó pọ̀ ni mo ń wá lọ́dún yìí,” ni bàbá wí. “Kẹ̀kẹ́ ló máa gbé e. Ẹ̀yin kàn máa bá wa rìn, kẹ́ ẹ máa pín in fún wọn. A ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ ru nǹkan kan.”

“Kí ni màá wá fi orí mi ṣe?” Ó béèrè ọ̀rọ̀ yìí tọkàntọkàn ni, kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀.

Bàbá rò ó díẹ̀. “Ẹ dé fìlà sí i,” ló wí.

Nígbà tí Munirat gbọ́, ilé ìyá rẹ̀ ló wá sùn ní alẹ́ Jímọ́ọ̀. Wọn kò tíì jẹun tán tó fi dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

“Màámi, ṣé kẹ̀kẹ́ ló máa gbé omi yẹn lóòótọ́?”

“Kẹ̀kẹ́ ni. Kẹ̀kẹ́ Awwal, ọkọ aránṣọ tó wà lẹ́yìn ilé wa.”

“Ẹ ò ní gbé ìkankan sórí?”

“Mi ò ní gbé e.”

“Ẹ ṣèlérí fún mi.”

“Mo ṣèlérí. Ràmọ́nù, ẹ ń gbọ́ ọmọ yín bó ṣe ń fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò?”

Ràmọ́nù kò gbójú sókè kúrò lórí oúnjẹ. Ó ní òun ò sí nínú ọ̀rọ̀ àwọn. Ṣùgbọ́n Munirat mọ ìyá rẹ̀, ìlérí náà kò tó fún un. Ó ní òun gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, òun náà á bá wọn rìn, kí òun lè fi ojú òun rí i.

Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ ní ọjọ́ Sátidé, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Ẹsẹ̀ Yá ti pé jọ sí Onípanu. Àwọn kan dé fìlà tó ń bo ojú lọ́wọ́ oòrùn, àwọn kan fi aṣọ ìnura kọ́ ọrùn. Màmá Níní, obìnrin tó sanra dáadáa, tó ń ta àgékù bébà fún àwọn alátẹ, wọ bàtà kánfáàsì tuntun aláwọ̀ ọsàn, ó sì ń gbé ẹsẹ̀ sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i. Awwal ti to àpò omi sínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ débi pé òun fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ríbi jókòó. Alàgbà Bọ́lárìnwá gbàdúrà, Àlùfáà Mùsùlùmí kan láàárín wọn gbàdúrà tirẹ̀ náà, fèrè dún, wọ́n sì gbéra.

Rọ̀kíbátù kò mọ bí wọ́n ṣe ń rìn lásán. Ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ibi tí yóò wà. Ó ká a sẹ́yìn, ó tún gbé e wá síwájú, nígbà tó yá ó di etí ìborùn rẹ̀ mú. Orí rẹ̀ fúyẹ́ débi pé ó ń ṣe é bíi pé ó gbàgbé nǹkan kan sílé. Ó sì ń yára jù. Kò ní mọ̀ tó fi máa fi gbogbo wọn sílẹ̀, fèrè á sì dún lẹ́yìn rẹ̀.

“Ìyá Munirat, a ò sá fún ẹnikẹ́ni o,” ni Alàgbà ń wí.

Wọ́n gba Ṣómólú kọjá pẹ̀lú ẹ̀rín. Nígbà tí wọ́n dé Bajulaiye, àwọn òṣìṣẹ́ tó ti dé ṣọ́ọ̀bù yọjú síta. Bí wọ́n ṣe rí Ìyá Olómi láìsí báàfù lórí rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn béèrè bóyá ara rẹ̀ yá. Wọ́n mu omi níbẹ̀, wọ́n tún rìn. Nígbà tí wọ́n fi máa kan Bàrígà, oòrùn ti ń mú, omi tí olúkúlùkù ní lọ́wọ́ sì ti tán.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá iṣẹ́ títì pàdé. Àwọn òṣìṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ da kọnkéré sí ojú ọ̀nà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, ó ṣì ń dán. Wọ́n tẹ́ pákó gígùn kan sórí gọ́tà fún àwọn ẹlẹ́sẹ̀. Alàgbà ló kọ́kọ́ gba orí rẹ̀ kọjá, àwọn àgbàlagbà sì di ara wọn lọ́wọ́ mú tẹ̀lé e. Rọ̀kíbátù àti Munirat dúró de kẹ̀kẹ́. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ fi máa dé, àwọn tó kọjá ti ń lọ ní tiwọn, kò sí ẹni tó bojú wẹ̀yìn.

Awwal sọ̀kalẹ̀, ó lọ bá olórí àwọn òṣìṣẹ́ náà sọ̀rọ̀, ó sì padà wá.

“Mọ́mì, wọ́n ní kẹ̀kẹ́ ò lè kọjá. Wọ́n ní dìgbà tó bá gbẹ.”

“Ìgbà wo ló máa gbẹ?”

“Wọ́n ní ọ̀la.”

“Àwọn àgbàlagbà yẹn ò lè dúró dọ̀la.”

Awwal ní òun á gba ọ̀nà kejì. Ó yí kẹ̀kẹ́ padà, ó lọ, kò sì pẹ́ tó fi tún yọ. Ní ọ̀nà kejì, wọ́n ti ta àtíbàbà dí ojú títì nítorí ìkómọ, èèyàn ti jókòó kún abẹ́ rẹ̀. Munirat fa fóònù yọ, ó pe Alàgbà.

“A wà lábẹ́ igi fúrúùtù kan níwájú,” ni Alàgbà dá a lóhùn. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe kíá. Màmá Níní ti bọ́ bàtà, mo sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.” Ohùn Màmá Níní ń jáde láti ẹ̀yìn, wọ́n ń béèrè bóyá omi ọdún tó kọjá ni wọ́n tún ń dúró dè.

Munirat pa fóònù. Òun àti ìyá rẹ̀ jọ wo kẹ̀kẹ́, wọ́n jọ wo pákó tó wà lórí gọ́tà. Rọ̀kíbátù ti ṣèlérí, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n ní kó má fọwọ́ kan oúnjẹ.

“Èmi ni màá gbé e,” ni Munirat wí.

Ó fa àpò omi kan jáde nínú kẹ̀kẹ́, Awwal bá a gbé e lé orí. Àpò píọ́ wọ́tà kì í jókòó jẹ́ẹ́, bí èèyàn bá yí sápá ọ̀tún, yóò ṣàn lọ sápá òsì. Munirat gbé ẹsẹ̀ kan, àpò náà yọ́ síwájú, ó bò ó lójú. Ó tì í padà, ó yọ́ sẹ́yìn. Kó tó gbé ẹsẹ̀ mìíràn, àpò náà ti wà nílẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rá náà bẹ́, ó sì tú omi sí i láti àyà dé ẹsẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ kọnkéré fi ṣọ́bìrì sílẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Awwal yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n má baà rí eyín rẹ̀. Rọ̀kíbátù pa ẹ̀rín mọ́ra, ó pa á mọ́ra títí, nígbà tó wo aṣọ ọmọ rẹ̀ tó rin gbindin, ẹ̀rín tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Munirat náà kò lè bínú. Ó nu ojú rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí tó fi fi ara ti kẹ̀kẹ́.

“Màámi,” ló wí nígbà tí èémí rẹ̀ padà, “mo ti dá ìlérí yẹn padà fún yín.”

“Ṣé ó ti ọkàn rẹ wá?”

“Ó tọkàn mi wá. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́ mi. Ẹ ò ní dá nìkan gbé e.”

Obìnrin kan tó ń ta òkírìkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ti ń wo gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò tilẹ̀ dúró kí wọ́n tọrọ nǹkan kan. Ó da gbogbo aṣọ inú báàfù rẹ̀ sórí tábìlì, ó gbé báàfù náà wá, ó sì fi ẹ̀wù méjì sí i, ó ní kí wọ́n fi ṣe òṣùká, àwọ̀ wọn ò kúkú wu oníbàárà kankan. Rọ̀kíbátù ká ẹ̀wù kan, ó fi sórí ọmọ rẹ̀, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ síbí, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún. Ó gbé àpò kan lé e.

“Má fi ipá mú un. Jẹ́ kó jókòó fúnra rẹ̀.”

“Ó ń yọ́.”

“Kì í ṣe òun ló ń yọ́, ìwọ lò ń sá fún un. Gbé àgbọ̀n rẹ sókè. Má wo ilẹ̀, wo obìnrin tó wọ aṣọ pupa níwájú yẹn. Ibi tó bá ń lọ ni kó o máa lọ.”

Munirat wo obìnrin aláṣọ pupa náà. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì. Ó fi ọwọ́ kan di àpò náà mú, ìyá rẹ̀ sì ní ìyẹn kò burú, òun náà di ti òun mú nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ̀ ká ẹ̀wù kejì sórí tirẹ̀, ó to àpò mẹ́ta sínú báàfù, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Awwal àti obìnrin olókírìkà jọ gbé báàfù náà sókè, Rọ̀kíbátù wọ abẹ́ rẹ̀, ó sì dìde.

Nǹkan kan yí padà lára rẹ̀ bó ṣe dìde yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ tó ti ń wá ibi tí yóò wà láti òwúrọ̀ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ nà. Ó gun orí pákó náà bí ẹni tó ń wọ yàrá ara rẹ̀. Pákó náà tẹ̀ díẹ̀ ní àárín, kò sí òṣìṣẹ́ tó gbé ṣọ́bìrì. Rọ̀kíbátù kò dúró, kò sì yára. Ó dé òdìkejì, ó yí gbogbo ara padà, ó ń wo ọmọ rẹ̀.

“Aláṣọ pupa ti lọ,” ni Munirat wí láti ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́.

“Wo èmi.”

Munirat wo ìyá rẹ̀, ó sì rìn wá. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, olórí àwọn òṣìṣẹ́ náà ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Rọ̀kíbátù ní kó fa ọ̀rá omi mélòó kan yọ nínú àpò tó wà lórí Munirat, kí òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ fi mu. Ọkùnrin náà ní rárá, àwọn àgbàlagbà ló ń dúró de omi náà. Ó ní kí wọ́n máa lọ ná.

Láti ibẹ̀, ọ̀nà náà di ayẹyẹ. Ohùn tí Rọ̀kíbátù fi máa ń polówó ní àwọn ọdún tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ láìjẹ́ pé ó pè é. “Omi tútù ti dé o, òùngbẹ, gbéra ńlẹ̀.” Ó ń fà á, ó ń fi ẹsẹ̀ bá a rìn. Àwọn ọlọ́jà kan ń gbè é. Àwọn ọkùnrin tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ dìde fún wọn láti kọjá. Ìbàdí rẹ̀ ń lọ sọ́tùn-ún, ó ń bọ̀ sósì, báàfù orí rẹ̀ sì dúró sójú kan. Munirat tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò tíì rí ìyá rẹ̀ báyìí rí. Nílé, ó máa ń rí i nígbà tó bá ti sọ ẹrù kalẹ̀ tí ó ti rẹ̀ ẹ́. Kò rí i rí lẹ́nu iṣẹ́, ní àárín ọ̀nà, bí inú rẹ̀ ṣe máa ń dùn tó.

Alàgbà Bọ́lárìnwá ló kọ́kọ́ gbọ́ ohùn náà. Ó sáré wá pàdé wọn, ó ní òun á gba àpò tó wà lórí Munirat. Kò gbé e sórí, ó gbá a mọ́ àyà bí ìgbà tí wọ́n gbé ọmọ tuntun lé e lọ́wọ́, ó sì ń tẹ̀ sẹ́yìn bó ṣe ń lọ. Bí wọ́n ṣe dé abẹ́ igi fúrúùtù náà, àwọn àgbàlagbà na ọwọ́. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí ìró mìíràn ju pé wọ́n ń fi eyín ya ọ̀rá, wọ́n ń mu, wọ́n ń mí kanlẹ̀.

Màmá Níní mu ọ̀kan, wọ́n mu èkejì, wọ́n da ìdajì ẹ̀kẹta sórí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n ń wá bàtà wọn.

“Rọ̀kí, wá bá mi so okùn yìí,” ni wọ́n wí. “Ọ̀sà yẹn, màá rí i lónìí.”

Rọ̀kíbátù padà lọ sí ìdí kẹ̀kẹ́, ó tún rù ú wá, Munirat sì ń tẹ̀lé e ní gbogbo ìgbà. Nígbà tí wọ́n lọ gbẹ̀yìn, wọ́n fi àpò kan sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ kọnkéré, wọ́n sì fún obìnrin olókírìkà náà ní tirẹ̀. Ìyẹn ní kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu lórí báàfù, tí wọ́n bá ń padà bọ̀ kí wọ́n gbé e fún òun. Nígbà tí ẹgbẹ́ Ẹsẹ̀ Yá tún gbéra, Rọ̀kíbátù ló wà níwájú. Alàgbà fọn fèrè, ṣùgbọ́n báàfù tó wà níwájú ni gbogbo wọn ń wò. Bó bá yà, wọ́n á yà. Bó bá rọra, wọ́n á rọra.

Ẹ̀fúùfù ló kọ́kọ́ sọ fún wọn pé wọ́n ti dé. Ó tutù, ó ń gbé òórùn ẹja yíyan bọ̀. Lẹ́yìn náà ni ilé onípákó tó dúró lórí omi, àti ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n so mọ́ra. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni ọ̀sà fúnra rẹ̀, ó tẹ́ lọ títí, afárá gígùn tó lọ sí Erékùṣù Èkó dà bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní ọ̀ọ́kán.

Rọ̀kíbátù sọ báàfù kalẹ̀. Láti ìgbà tó ti dé Ṣómólú, kò wá síbí rí. Ó ti ń gbọ́ pé ọ̀sà wà nítòsí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pè é kó wá gbé omi wá síbẹ̀, kò sì sí ìdí mìíràn tó fi ń rìn. Ó dúró, ó ń wo bí omi náà ṣe ń tàn nínú oòrùn. Ojú rẹ̀ fẹ́ ṣomi, kò sì mọ ohun tó fà á, nítorí inú rẹ̀ ń dùn.

“Kí lẹ ń rò?” ni Munirat béèrè.

“Omi yìí pọ̀. Kò sí báàfù tó lè gba eléyìí.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n jọ jókòó sórí pákó kan, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ń jẹ mọ́ínmọ́ín tí ọ̀kan nínú àwọn ìyá àgbà náà gbé wá. Munirat fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀.

“Ṣé bó ṣe máa ń ṣe yín náà nìyí?”

“Ṣé ó ń dùn ọ́ ni?”

“Ó ń dùn mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe sọ ọ́ kalẹ̀, ó dà bíi pé mo ga sí i.”

Ìyá rẹ̀ wò ó tìyanutìyanu. “Ìwọ náà mọ̀ ọ́n,” ló wí. “Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ nípa ọrùn mi, Munirat. Kì í ṣe pé mi ò gbọ́. Màá máa gbé méjì lẹ́ẹ̀kan, mi ò ní gbé mẹ́ta mọ́. Kò sẹ́ni tó ń lé mi.”

“Ẹ ṣé, Màámi. Èmi náà ò ní ní kẹ́ ẹ fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ mọ́. Mo ti rí ojú yín lónìí.”

Níbi tí àwọn yòókù jókòó sí, àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Màmá Níní ló dá a sílẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó mú àwọn dé etí ọ̀sà, òun ló yẹ kó máa ṣáájú ẹgbẹ́ náà, kì í ṣe lónìí nìkan. Àlùfáà fọwọ́ sí i. Àwọn mìíràn ń mi orí. Gbogbo wọn wá wo Alàgbà Bọ́lárìnwá.

“Mo gbà,” ni Alàgbà wí. “Kó máa ṣáájú. Ṣùgbọ́n fèrè ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí.” Ó sì fi fèrè náà sínú ẹ̀wù rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà ṣi ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́.

Láti ìgbà náà ni Rọ̀kíbátù ti di ọmọ ẹgbẹ́ Ẹsẹ̀ Yá. Ní àwọn ọjọ́ iṣẹ́, ó ṣì ń ru omi wọ inú kọ̀rọ̀ Bajulaiye, àpò méjì lẹ́ẹ̀kan, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Sátidé, ó ń rìn láìru nǹkan kan, ó sì ti ń mọ̀ ọ́n ṣe díẹ̀díẹ̀. Munirat máa ń wá bí wọ́n bá fún un láyè níbi iṣẹ́. Àwọn àgbàlagbà sì ti kọ́ láti gbé ọ̀rá omi mélòó kan sínú àpò ẹ̀yìn tiwọn, wọn kò fi gbogbo rẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ mọ́.

Nígbà tó yá, Ràmọ́nù náà ní òun fẹ́ mọ ohun tó ń mú ìyàwó òun jí kùtù ní Sátidé pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Ó ra bàtà, ó sì bá wọn jáde. Bí ẹ bá pàdé wọn lọ́nà Bàrígà ní òwúrọ̀, ẹ máa rí Rọ̀kíbátù níwájú, ẹ máa gbọ́ fèrè Alàgbà ní àárín. Lẹ́yìn pátápátá, ẹ máa rí Ràmọ́nù àti Màmá Níní tí wọ́n ń rìn ṣẹ̀ẹ̀ṣẹ̀ẹ̀, tí wọ́n sì ń jiyàn lórí èwo nínú àwọn méjèèjì ló máa kọ́kọ́ sọ pé ó ti rẹ òun.